Kóńgò Ìjọba, Kóńgò Alárobọ̀

Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀ fún wa láti fi pe àìríjẹ ìlú. Èkíní ni ìyàn, èkejì ni ọ̀wọ́n. Ìyàn ni ó ń mú nígbà tí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, tí eṣú bá jẹ oko run, tàbí tí ogun bá dí ọ̀nà, tí kò sí iṣu ní abà, tí kò sì sí àgbàdo ní àká. Ọ̀wọ́n yàtọ̀ sí èyí. Nígbà ọ̀wọ́n, oúnjẹ wà; ojú ń rí i, imú ń gbọ́ òórùn rẹ̀, ọwọ́ ni kò tó o. Ẹni tí ó bá fẹ́ bọ́ tálákà ní ìlú Èkó, ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 80 ọdún sẹ́yìn ni àwọn tí ń ṣe ètò oúnjẹ fún wa ti ń fi oògùn ìyàn wo ọ̀wọ́n. Bí ọjà bá ti gbówó lórí, wọn a kó àpò jọ sí ojú kan, wọn a pe èrò, wọn a sì ní kí èrò tò.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kí ó rìn yí Erékùṣù Èkó ká ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Kí ó gba Ìdúmọ̀tà wọ Òkè Àrin, níbi tí páálí tòmátì inú agolo àti àpò ìrẹsì ti ga ju ènìyàn lọ. Kí ó dé Èbúté Èrò, kí ó yà sí Jànkárà. Kò ní pàdé ìyàn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó wọ àwọn kọ̀rọ̀ tóóró tí ó wà lẹ́yìn ọjà wọ̀nyí gan-an, kí ó dé Ìdúmàgbò àti Ìsàlẹ̀ Gàngàn, níbi tí ìdílé kan lè máa gbé inú yàrá kan. Yóò bá àwọn tí wọ́n ń fi gàrí àti omi gba ààwẹ̀ tí kì í ṣe ti Rámádáánì. Láti ibi tí àpò ti ga dé ibi tí ìkòkò ti gbẹ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú 10 lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Íńdíà kan, Amartya Sen, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1998, kọ ìwé kan ní 1981 tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní Poverty and Famines. Ó yẹ ebi tí ó pa Bengal ní 1943 wò, ebi tí a sọ pé ó pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 ènìyàn. Ohun tí ó rí ni pé oúnjẹ kò tán ní Bengal ní ọdún náà. Agbára tálákà láti ra oúnjẹ ni ó tán. Ìwé náà mì gbogbo àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé lágbàáyé tìtì. Mo kà á, mo sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyá àgbà kan ní Èbúté Èrò ìbá ti fi ọ̀rọ̀ kan péré sọ ọ́ fún un.

Ọ̀wọ́n tí ó mú wa ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí kò fara sin. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ó máa wá ipò ara rẹ̀ láàárín àwọn owó ilẹ̀ òkèèrè. Owó ọkọ̀ tí ń kó ẹ̀wà àti iṣu bọ̀ láti òkè ọya fò sókè. Kò tilẹ̀ tíì pé oṣù méjì tí wọ́n fi kéde ní oṣù Keje pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di pàjáwìrì. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ National Bureau of Statistics kà á pé iye oúnjẹ ti fi 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé oúnjẹ tí a rà ní ₦1,000 ti di nǹkan bí ₦1,409. Ta ni owó oṣù rẹ̀ rìn bẹ́ẹ̀?

Kí n tó dé orí ohun tí ìjọba ṣe sí i, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìtàn sọ fún wa pé orí oko ata Arómirẹ́ ni a kọ́ Ìgá Ìdúngánrán sí, àti pé oko ata yìí ni ó fún ààfin ní orúkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí igi ata ti hù gbẹ̀yìn níbẹ̀. Erékùṣù Èkó kì í bọ́ ara rẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó ti jẹ́ pé ẹnu omi ni oúnjẹ ń gbà wọlé. Kí a tó ṣí afárá Carter ní 1901, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó oúnjẹ láti Ẹ̀jìnrìn, Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú wá sí Èbúté Èrò, àwọn obìnrin ni ó sì ń gbà á, tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n, tí wọ́n ń pín in kiri àdúgbò. Bí Ìjẹ̀bú bá ti ọ̀nà pa, Èkó á gbóná. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ó mú kí Gẹ̀ẹ́sì gbé ogun lọ bá Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní 1892 ni ọ̀ràn ọ̀nà yìí. Ẹni tí ó bá dàgbà sí Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ láti kékeré pé ọ̀nà ni oúnjẹ, ọjà ni oúnjẹ, obìnrin tí ó mú kóńgò lọ́wọ́ ni oúnjẹ.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó jẹ́ kí ìjọba fẹ́ gba kóńgò náà lọ́wọ́ obìnrin wọ̀nyí. Sójà pọ̀ ní Èkó, òṣìṣẹ́ ń wọ́ wá láti ìgbèríko, ọkọ̀ òkun kò kó ẹrù wọlé bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, owó oṣù sì dúró sí ojú kan. Láti 1941 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àṣẹ dá iye lé oúnjẹ ìbílẹ̀. Òyìnbó kan, Captain A. P. Pullen, ni wọ́n fi ṣe alábòójútó rẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn òpìtàn fi ń pè é ní ètò Pullen. Ìjọba á ra gàrí ní ìgbèríko ní iye tí òun tìkára rẹ̀ fẹ́, á kó o wá sí Èkó, á sì tà á ní àwọn ibùdó tí ó yàn ní iye àṣẹ. Obìnrin tí ó bá tà ju iye náà lọ di arúfin.

Kí a sọ òtítọ́, èrò tí ó wà nídìí ètò náà kò burú. Akọ̀wé tí owó oṣù rẹ̀ kò kúrò ní ojú kan nílò ẹni tí yóò dá ọwọ́ ọ̀wọ́n dúró. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó wọ oko lọ ra gàrí, tí ó san owó ọkọ̀, tí ó san owó alárù, tí òjò tún pa àpò kan nínú ẹrù rẹ̀, kò lè tà á ní iye tí Pullen jókòó sínú ọ́fíìsì dá láìjẹ gbèsè. Nítorí náà gàrí wọlẹ̀. Ohun tí a kò rí lórí àtẹ ní ọ̀sán, a ń rí i ní kọ̀rọ̀ ní alẹ́, ní iye tí ó ga ju ti ìṣáájú lọ. Àwọn èrò sì ń to ìlà ní ibùdó ìjọba. Tálákà tí a torí rẹ̀ ṣe ètò ni ó ń to ìlà. Olówó ti rán ọmọ ọ̀dọ̀ lọ sí kọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó dìde sí ọ̀ràn yìí ni Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà, ẹlẹ́ja ọjà Eréko, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó. Kò kàwé, ṣùgbọ́n kò sí gómìnà tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Òun ni ó wà níwájú nígbà tí àwọn obìnrin tú jáde ní 1940 nítorí owó orí. Àwọn òpìtàn kọ ọ́ pé Pullen fi £100 lóṣooṣù lọ̀ ọ́ pé kí ó wá bá òun ṣe é, kí ó bá òun mú kí àwọn ọlọ́jà gba iye àṣẹ. £100 lóṣù nígbà ogun! Pẹlẹ́wùrà kọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé òun kò ní lọ́wọ́ nínú ohun tí yóò fi ebi pa ilẹ̀ tí a ti bí òun. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, àwọn obìnrin ọlọ́jà yìí kan náà ni ó dúró ti àwọn òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ yìí ni ìjọba ní òun ń torí wọn gbógun ti ọlọ́jà. Lẹ́yìn ogun, ètò Pullen rọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kógbá sílé. Pẹlẹ́wùrà kú ní 1951.

Èmi kò sọ pé áńgẹ́lì ni àwọn ọlọ́jà ìgbà náà. Èrè wọn ni wọ́n ń jà fún. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n mọ̀ tí Pullen kò mọ̀: wọ́n mọ bí oúnjẹ ti ń rìn láti orí àpò títí dé inú ìkòkò. Pullen mọ àpò, ó mọ iye, ó tán.

Àwọn ètò tí ó tẹ̀ lé e kò ní pẹ́ lẹ́nu mi. Ní 1976 ni Operation Feed the Nation dé, tí wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ sí oko ní àsìkò ìsinmi. Bóyá ẹni tí ó lọ nígbà náà wà lára àwọn olùkọ́ tí ń ka ìwé yìí. Ní 1980, Green Revolution ni. Láàárín 1979 sí 1983, ìwé àṣẹ láti kó ìrẹsì wọlé di ẹ̀bùn tí àwọn olóṣèlú ń fi ta ara wọn lọ́rẹ. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní òpin ọdún 1983, wọ́n já ilé ìkẹ́rùsí àwọn oníṣòwò, wọ́n sì fi tipátipá ta ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Ọdún 1984 ni gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ọjà kòṣeémánìí: súgà, ọṣẹ, mílíìkì, ìrẹsì. Ìlà ni a ń tò. Bí sójà bá ti lọ tán, ọjà á tún wọlẹ̀. Pullen ti padà dé, aṣọ ológun ni ó wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àsìkò tiwa. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2020, kí ìjọba tó ti Èkó pa nítorí àrùn kòrónà, Gómìnà Sanwo-Olu kéde pé òun yóò pín oúnjẹ fún 200,000 ìdílé, kí a ka ìdílé kọ̀ọ̀kan sí ènìyàn mẹ́fà. Ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí, búrẹ́dì àti ata gbígbẹ wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ni a gbé e fún láti pín, ní òpópó púpọ̀ ni ariwo sì ti sọ pé ohun tí ó dé kò tó èyí tí ènìyàn mẹ́wàá lè pín láìjà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyìnbọn Lẹ́kì, àwọn èrò já ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza, wọ́n bá oúnjẹ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá dá jọ lábẹ́ orúkọ CACOVID, tí a ti kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé kì í ṣe fún títà. Ìjọba ní òun ń tò ó lọ́wọ́ láti pín in ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń fi omi mu gàrí láti oṣù Kẹrin kò ní etí tí ó lè fi gbọ́ irú àlàyé bẹ́ẹ̀ mọ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, 23 oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn aṣọ́bodè, tí gbogbo wa ń pè ní Kọ́sítọ́ọ̀mù, ní kí àwọn aráàlú wá ra ìrẹsì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́. Yábàá ni wọ́n ti tà á. ₦10,000 ni àpò kílò 25, iye tí kò tó ìdajì ohun tí ọjà ń pè é. Ẹni tí ó bá ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ lè rà á. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò tú wá. Ènìyàn méje kú níbẹ̀, wọ́n sì dá títà náà dúró. Ìyá tí ó jí lọ ra ìrẹsì, òkú rẹ̀ ni a gbé padà wá sílé. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ọmọ 35 kú ní Bàsọ̀run ní Ìbàdàn níbi tí èrò ti ya lu àríyá tí a fẹ́ ṣe fún àwọn ọmọdé. Aládàáni ni ó ṣe ti Ìbàdàn, kì í ṣe ìjọba. Ṣùgbọ́n ìwà kan náà ni: kí a kó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan, kí a ṣí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, kí a wá máa wo bí ebi ṣe pọ̀ tó.

Mo ti rojọ́ púpọ̀, nítorí náà ó yẹ kí n gbóríyìn níbi tí ó bá tọ́. Ọjà Oúnjẹ Èkó tí ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù Kẹta ọdún 2024, nínú ààwẹ̀ Rámádáánì, ni ó gbọ́n jù nínú gbogbo wọn. Wọn kò kó o sí ojú kan. Àyè 57 ni wọ́n pín in sí káàkiri ìpínlẹ̀. Wọ́n dín iye ọjà kù ní 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n sì fi òté lé e pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rà ju ₦25,000 lọ, kí ọlọ́wọ́ gígùn má baà rà á tán.

Òté yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a jókòó tì. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin ìjọba àpapọ̀ là sílẹ̀ nígbà náà jẹ́ ₦30,000. Ta ni ẹni tí ó ní ₦25,000 lápò ní ọjọ́ Àìkú kan tí yóò fi ra oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó ná ₦25,000 níbẹ̀ gba ọjà tí ó tó nǹkan bí ₦33,300. Ìjọba fún un ní ₦8,300. Ẹni tí ó mú ₦2,000 wá gba ọjà ₦2,670. Ìjọba fún un ní ₦670, bóyá ó sì ti ná apá kan nínú rẹ̀ sórí ọ̀kadà. Ẹni tí ó jí ní ọjọ́ náà láìní kọ́bọ̀ kò gba nǹkan kan. Bí ìṣẹ́ bá ti jinlẹ̀ sí i ni ìrànwọ́ ń kéré sí i. N kò rò pé ẹnikẹ́ni gbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó fà á ni pé ọ́fíìsì ni a ti ronú rẹ̀, nínú ọ́fíìsì sì ni a ti ń ra oúnjẹ oṣù.

Ìsàlẹ̀ Èkó kì í ra oúnjẹ oṣù. Kì í ra oúnjẹ ọ̀sẹ̀ pàápàá. Ohun tí a ó sè lónìí ni a ń rà lónìí, lẹ́yìn tí a bá ti pa owó rẹ̀. Deríkà ìrẹsì kan, agolo mílíìkì ẹ̀wà méjì, òróró tí a so sínú ọ̀rá, ata ₦300. Alárobọ̀ tí ó tẹ́ àtẹ sí ẹnu ọ̀nà agboolé ni a ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lóòótọ́, ó wọ́n ju ti Òkè Àrin lọ. Bí ẹ bá ka deríkà tí ó wà nínú àpò kan, ẹ ó rí i pé ẹni tí ó ń rà á díẹ̀díẹ̀ ń san ju ẹni tí ó gbé odindi àpò lọ. Ṣùgbọ́n alárobọ̀ yìí ní ohun tí Òkè Àrin kò ní. Ó ń ta àwìn. Ó ń fi èènì sí i fún ọmọ tí a rán níṣẹ́. Ó ń ṣí ní òru.

Mo mọ ọ̀kan nínú wọn, ní òpópó tí mo máa ń dé sí nígbà ìsinmi. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ní ìwé kékeré kan tí ọmọbìnrin rẹ̀ ń bá a kọ, ibẹ̀ ni gbogbo àwìn wà. Mo jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ mélòó kan, mo sì rí ohun tí mi ò rí rí nínú ìwé ìwádìí. Bí wọ́n bá ti dá bàbá kan dúró níbi iṣẹ́, kí aládùúgbò tó mọ̀, ìwé náà ti mọ̀: ẹni tí ó ń ra kóńgò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra deríkà, ẹni tí ń sanwó lójú ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì. Opó tí ó ní ọmọ mẹ́rin wà níbẹ̀. Olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni kan tí ń wọ táì lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ wà níbẹ̀, ẹni tí kò ní jẹ́ gbé ọ̀rá lọ to ìlà lójú àwọn ọmọ tí ó ń kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ìwé orúkọ àwọn tálákà, tí ẹ ń ná owó lórí kọ̀ǹpútà àti fọ́ọ̀mù, ibi tí ìwé náà wà nìyẹn, lábẹ́ àtẹ ẹlẹ́wà. Òun ni ó pé jù ní gbogbo Èkó, nítorí pé owó ara ẹni tí ó ń kọ ọ́ ni ó wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń dábàá kò le. Kí ìjọba gbé kóńgò padà fún alárobọ̀. Kí a pín tíkẹ́ẹ̀tì fún ìdílé, tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan, kí a sì gé e ní wẹ́wẹ́ kí ó lè ra deríkà kan lẹ́ẹ̀kan. Kí ìdílé mú un lọ bá ẹni tí wọ́n ti ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní àsìkò tí ó bá wù wọ́n, láìto ìlà, láìsí fọ́tò. Kí alárobọ̀ kó tíkẹ́ẹ̀tì lọ gba owó rẹ̀ tàbí àpò mìíràn ní ìjọba ìbílẹ̀. Àjọ World Food Programme ti lo irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣòwò àdúgbò ní ìpínlẹ̀ Borno, níbi tí ogun wà. Ṣé Èkó ni kò ní ṣeé ṣe?

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ. Wọn yóò ní àwọn ọlọ́jà gan-an ni ó ń fa ọ̀wọ́n. Wọn yóò ní àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà ń dá iye lé ọjà, wọn kì í sì í jẹ́ kí àjèjì tà á ní owó pọ́ọ́kú. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Wọn yóò tún ní àwọn olórí ọjà òde òní ti sún mọ́ ilé ìjọba ju bí Pẹlẹ́wùrà ti sún mọ́ ọn lọ, àti pé ẹni tí ó bá gba £100 lónìí kò ní jẹ́ kí a gbọ́. N kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe olórí ọjà ni mo ń wí. Alárobọ̀ tí ó gbẹ̀yìn pátápátá ni mo ń wí, ẹni tí ó ń gbé nínú agboolé kan náà pẹ̀lú àwọn tí ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá rẹ́ wọn jẹ, ibo ni yóò sùn? Bí òpópó kan bá sì ní alárobọ̀ mẹ́ta, kí tíkẹ́ẹ̀tì ṣeé ná lọ́dọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Wọn yóò tún ní kí a kúkú fi owó ránṣẹ́ sí báńkì tálákà. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ₦25,000 fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì ní ìdílé mílíọ̀nù 15 ni yóò gbà á. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí wọ́n fi dá a dúró láti yẹ̀ ẹ́ wò. Owó dára. Ṣùgbọ́n ìyá tí kò ní báńkì ní alárobọ̀.

Ọ̀ràn kan ṣì kù tí ó ń dà mí láàmú ju gbogbo èyí lọ, òun ni orúkọ tí a ń pe ohun tí a ń pín. Ní orí rédíò, ìrànwọ́ ni, ìdẹ̀rùn ni. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní pálíétíìfù. Fọ́tò olóṣèlú wà lára ọ̀rá rẹ̀. Ẹni tí ó gbà á gbọ́dọ̀ dúpẹ́, ẹni tí kò rí gbà kò ní ẹni tí yóò bi. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu àtúnṣe kan tí ó fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ sínú òfin-ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa. Mélòó nínú wa ni ó gbọ́? Ibi tí wọ́n fi í sí ni Orí Kejì, orí tí apá kẹfà òfin náà ti sọ pé a kò lè torí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Wọ́n fún wa ní ilé, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ní Íńdíà, òfin tí wọ́n ṣe ní 2013 sọ iye kílò tí ó tọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí òfin náà kàn: kílò 5 ọkà lóṣooṣù. Òfin náà ní ibi tí ẹni tí a bá fi dù ú yóò ti fi ẹjọ́ sùn. Olè wà nínú ètò tiwọn náà, ó pọ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹni tí a jí ohun rẹ̀ mọ iye tí a jí.

Bí a bá ní kí a lẹ orúkọ àwọn tí ó gba tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ògiri, a ó dójú ti olùkọ́ tí ń wọ táì, yóò sì yàn láti kú sínú ilé. A kì í pàtẹ gbèsè ẹni. Nǹkan mìíràn ni ó yẹ kí ó wà lára ògiri. Bí ìjọba ìbílẹ̀ Erékùṣù Èkó bá tún fẹ́ pín oúnjẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà ọjà àti ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé: iye àpò tí ó dé, ọjọ́ tí ó dé, orúkọ òṣìṣẹ́ tí ó gbà á, iye tíkẹ́ẹ̀tì tí òpópó kọ̀ọ̀kan gbà, àti ibi tí ẹni tí kò rí tirẹ̀ yóò ti lọ sùn. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, kí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́, kí agogo sì dún lọ́jà ní ọjọ́ tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́, kí àwọn tí kò lè kà á gbọ́. Bí wọn kò bá ní ẹni tí yóò bá wọn kọ ọ́, ẹgbẹ́ wa wà níhìn-ín. A kò ní gba owó lọ́wọ́ wọn.